Kí ẹ tó ra páùṣì fún kọ̀ǹpútà kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n ná

Orí ìnáwó ọmọ lọ̀rọ̀ wa dá lé lọ́sẹ̀ yìí.

Nígbà tí àwa wà nílé ìwé girama, ìwé àti bírò ni òbí ẹni ń rà. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, nígbà tó sì fi di ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo àwọn ọmọ ti ń ṣe é. Lọ́dún 2013 yẹn kan náà, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyẹn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé kíkà sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, tí wọ́n ti ilé ìwé pa, ọ̀pọ̀ òbí tí kò tíì ra ẹ̀rọ fọ́mọ tẹ́lẹ̀ ló sáré wá a rà.

Ní Bajulaiye níbí, ní Ṣómólú tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀ tipẹ́, àti ní Bàrígà tó múlé gbè wá, kọ̀ǹpútà kékeré ti di ohun tí ọmọ ń gbé jáde láàárọ̀ bí ẹni gbé abọ́ oúnjẹ. Ọmọ yunifásítì ń gbé e lọ sí Àkókà. Ọmọ girama ń gbé e lọ sí lẹ́sìnnì. Àwọn àgbà náà ń lò ó, wọ́n fi ń rí ojú ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ sì mọ ohun tí òbí ń ṣe kó tó rí owó rẹ̀. Ẹlòmíràn kó èsúsú, ẹlòmíràn ta nǹkan.

Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó máa ki kọ̀ǹpútà náà bọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní páùṣì, a kì í ronú. Ọmọ ní òun fẹ́ páùṣì, òbí fún un lówó, ọmọ ra èyí tí àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀. Ó parí. Bí ẹni ń ra ẹ̀wù ọdún la ṣe ń rà á, bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ra ibùsùn fún ọmọ tuntun ló yẹ ká ṣe rà á.

Ohun mẹ́rin ló máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ lójú ọ̀nà: kó já bọ́, kí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí omi kàn án, kó sì gbóná jù. Páùṣì tó dáa máa ń gbà wá lọ́wọ́ èkíní. Ó lè gbà wá lọ́wọ́ ìkejì bó bá le. Ìkẹta, díẹ̀ ló lè ṣe sí i. Ìkẹrin yẹn gan-an, ìyẹn ooru, páùṣì fúnra rẹ̀ ló ń dá kún un. Bí òbí bá mọ èyí kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ó ti mọ ìdajì ohun tó fẹ́ rà.

Nọ́ńbà kì í ṣe ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọlọ́jà á sọ pé, "Mọ́mì, ẹ mú èyí, ínṣì 11 ni." Kí ni ínṣì 11 ọ̀hún? Ojú kọ̀ǹpútà ni, ibi tí àwòrán ti ń hàn. Wọ́n á gbé téèpù lé igun ìsàlẹ̀ ní ọwọ́ òsì, wọ́n á fà á lọ sí igun òkè ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọn kò ka etí dúdú tó yí ojú náà ká, wọn kò ka ara kọ̀ǹpútà, wọn kò sì ka bó ṣe nípọn tó. Bẹ́ẹ̀ ara kọ̀ǹpútà ló ń wọ páùṣì, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ Asus ti ilẹ̀ Taiwan gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Eee PC. Òun ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú gbòde kan káàkiri ayé. Ínṣì 7 ni ojú rẹ̀. Lọ́dún 2008, wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ jáde, ojú tirẹ̀ sún mọ́ ínṣì 9. Ẹni tó bá gbọ́ 7 àti 9 á rò pé páùṣì wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22.5, ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni èyí kejì sì fi jù ú lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Etí tó fẹ̀ tó yí ojú kékeré àkọ́kọ́ ká ni wọ́n gé kù.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Kọ̀ǹpútà méjì lè jẹ́ ínṣì 12, kí ojú ti àtijọ́ ga bíi ti tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un, sẹ̀ǹtímítà 24.4 ní fífẹ̀ àti 18.3 ní gíga, kí ojú ti ìsinsìnyí sì fẹ̀ gbọọrọ bí ojú sinimá, 26.6 ní fífẹ̀ àti bíi 15 ní gíga. Páùṣì tó bá èkíní mu lè má gba èkejì rárá. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ra tòkúnbọ̀ jù, nítorí pé àtijọ́ àti tuntun ló wà nínú ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn òbí kò gba owó. Ẹ wá páálí. Ní Ṣómólú wa yìí, tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀, àjẹkù páálí kì í wọ́n èèyàn, ẹ sáà dárúkọ, wọn á fún yín. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé e ní pípadé, ẹ fi bírò yí i po, ẹ gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn, ẹ fi yí kọ̀ǹpútà ká níbi tó ti nípọn jù lọ, bí tẹ́lọ̀ ṣe ń wọn ìbàdí, ẹ sì so kókó síbi tí okùn pàdé. Ẹ má gbàgbé pé bátìrì àwọn tòkúnbọ̀ mìíràn máa ń yọ ṣóńṣó nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn, ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Páálí àti okùn yìí lẹ ó mú lọ sọ́jà, kọ̀ǹpútà á wà nílé. Bí ọlọ́jà bá tún bẹ̀rẹ̀ pé "Mọ́mì, ó máa gbà á", ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi, bá mi ki páálí yìí bọ̀ ọ́ ká wò ó."

Páálí gbọ́dọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí pé a ń tì í. Bó bá ku àyè bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Bó bá ku àyè tí ọwọ́ yín lè wọ̀, ẹ dá a padà, kódà kó jẹ́ pé ó lẹ́wà ju gbogbo èyí tó kù lọ. Páùṣì tó tóbi jù dà bí bàtà tó tóbi jù. Kọ̀ǹpútà á máa rìn kiri nínú rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá sì já bọ́, á ti sá kúrò níbi tí fóòmù wà kó tó kanlẹ̀. Èyí tó há jù náà ní wàhálà tirẹ̀: síípù á máa ha ara kọ̀ǹpútà, ìdérí á sì máa tẹ ojú mọ́ ibi ìtẹ̀wé nínú. Ẹ ti rí ojú kọ̀ǹpútà tó ní ìlà ìlà bí àmì bọ́tìnnì rí, àbí? Nǹkan tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ló máa ń fa irú rẹ̀.

Ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀

Kí ló wà nínú páùṣì tó ń gba kọ̀ǹpútà? Fóòmù ni. Ẹyin tó bọ́ sórí símẹ́ǹtì àti ẹyin tó bọ́ sórí àkéte kì í ṣe ẹgbẹ́. Símẹ́ǹtì dá ẹyin dúró lójijì, àkéte rọra gbà á, ó sì pín ìjàǹbá náà káàkiri ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí fóòmù ń ṣe nìyẹn. Nítorí náà, fóòmù tí kò nípọn kò yàtọ̀ sí aṣọ lásán.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ ki ọwọ́ kan bọ inú páùṣì, kí èkejì wà níta, kí ẹ wá fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un pọ̀. Bó bá jẹ́ pé wéré ni ìka méjèèjì mọ ara wọn lára, fóòmù náà kéré. Bó bá ń ti ìka yín padà, tí kò sì ṣe kíndìnrín nígbà tí ẹ yọ ọwọ́, ó ṣe é rà. Ẹ má tẹ àárín nìkan o. Àárín ni àwọn tó ń rán an máa ń fi fóòmù sí jù. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti etí ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, nítorí igun tàbí etí ni ohun tó ní orígun mẹ́rin sábà máa ń fi balẹ̀. Páùṣì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlà abẹ́rẹ́ nìkan, tí aṣọ méjì kàn pàdé, kò lè gba kọ̀ǹpútà tó fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀.

Ẹ tún wo síípù. Síípù irin tí kò ní ìgbátí nínú á máa ha kọ̀ǹpútà nígbàkígbà tí a bá ń kì í bọ̀ ọ́. Kó ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ẹ̀yìn síípù yẹn.

Oríṣiríṣi ohun èlò ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni rọ́bà rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní neoprene. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣe rọ́bà náà jáde lọ́dún 1930, wọ́n sì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè wú bíi búrẹ́dì. Òun náà ni àwọn tó ń wẹ̀ nínú òkun tútù fi ń rán aṣọ. Ó fúyẹ́, ó ń fà, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà lára. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ohun tó bá tẹ̀ ẹ́. Kẹ́míkà tó wà nínú rọ́bà yìí sì máa ń yún àwọn èèyàn kan lára. Bí ọmọ tó máa ń gbá páùṣì mọ́ apá bá ń yún apá, tí ara rẹ̀ sì ń sú níbi kan náà, ẹ fi aṣọ wé e tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpara kiri.

Èyí tó le bí ìkarahun ìjàpá, tí wọ́n fi irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà ṣe, lòun ni mo fẹ́ràn fún ọmọ tó ń wọ dáńfó. Ẹ mọ bí dáńfó Bàrígà ṣe rí láàárọ̀. Àpò ọmọ á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tàbí láàárín èèyàn méjì, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á fi orúnkún tì í. Fóòmù rírọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Bí owó páùṣì líle kò bá sí, kí ọmọ fi kọ̀ǹpútà sáàárín ìwé ẹlẹ́yìn líle méjì, kó sì jẹ́ pé ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpò náà máa wà, kì í ṣe ìhà ibi tí ìgò omi àti abọ́ oúnjẹ wà.

Awọ lẹ́wà, ó sì yẹ ọkùnrin tó ń lọ sọ́fíìsì nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Fún ọmọ iléèwé, owó dànù ni. Ti aṣọ àǹkárá tí àwọn ọmọ wa ń rán báyìí, ojú mi ń wọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ máa rà á, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó rán an ní ohun tó fi sínú. Bó bá jẹ́ ìtẹ́nú kọ́ọ̀tù nìkan ni, ẹ ní kó fi fóòmù gidi kún un.

Èjìká ọmọ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹni tó ka ohun tí mo sọ tán lè fẹ́ ra èyí tó le jù tó sì nípọn jù. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ló ń gbé e. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ẹrù àpò ẹ̀yìn ọmọ má ju ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá wọn kílò 30, kílò 3 sí 6 ni. Lítà omi kan ti jẹ́ kílò kan. Kọ̀ǹpútà kékeré sábà máa ń ju kílò kan lọ, ṣájà á tún kún un, ìwé sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti pé. Ẹ ní kí ọmọ gun ìwọ̀n pẹ̀lú àpò rẹ̀ lẹ́yìn, kó tún gùn ún láìsí àpò, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Bí ẹrù bá ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí ṣájà máa wà nílé, kí ọmọ gba iná sí kọ̀ǹpútà kó tó jáde. Ẹ má sì gba páùṣì tó ní okùn gígùn kan ṣoṣo tí ọmọ á fi kọ́ èjìká kan. Èjìká ọ̀hún á máa ro ó, á sì máa rìn ní gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Inú àpò ẹ̀yìn olókùn méjì ni kí páùṣì wà.

Fún ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí oríkèé ìka ń ro kò lè máa bá síípù kékeré jìjàkadì. Ẹ so okùn tàbí òrùka mọ́ orí síípù, tàbí kí ẹ ra èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó máa ń dún fàà bíi ti bàtà ọmọdé. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má ra dúdú. Ẹ ra pupa tàbí òféefèé, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó lé e lórí àga.

Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà kò ní sọ fún yín. Òòfà ni wọ́n fi ń pa ẹnu àwọn páùṣì mìíràn dé, a ò sì ní rí i lóde. Ẹni tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀ láti máa ran ọkàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òòfà jìnnà sí àyà náà tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gbá páùṣì olóòfà mọ́ àyà bí ẹni gbá Bíbélì tàbí Kùránì mọ́ra. Síípù ni kó rà.

Ooru, ọ̀tá tí páùṣì ń bò mọ́lẹ̀

Níbi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nìyí. Bátìrì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, lithium ni wọ́n fi ń ṣe é, agbára púpọ̀ ló sì wà nínú ohun kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Dell ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà wọn dá bátìrì kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù 4 padà, nítorí pé wọ́n lè gbóná kọjá ààlà kí wọ́n sì gbiná. Bátìrì tuntun ni wọ́n rà, kì í ṣe tòkúnbọ̀.

Fóòmù tó ń dá ìjàǹbá dúró, ó ń dá ooru dúró pẹ̀lú. Tí a bá ki kọ̀ǹpútà tó gbóná sínú rẹ̀, bí ẹni fi kùbùsù bo ọmọ tí ibà ń ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn: olùkọ́ ti parí, wọ́n pa ìdérí dé gbàgà, wọ́n kì í bọ páùṣì, ó di inú àpò. Pípa ìdérí dé kì í ṣe pípa kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ pé ó ń sùn ni, ohun tó ń sùn sì lè jí nínú àpò, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa gbóná, láìsí afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ kó máa pa á pátápátá, kó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó jẹ́ kó tutù kó tó kì í bọ̀ ọ́. Kó má ṣe gba iná sí i nínú páùṣì láéláé. Kó má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Páùṣì tó bá kọ̀ǹpútà mu dáadáa tún wúlò fún ohun kan: ó máa ń tètè sọ fún wa bí bátìrì bá ń wú. Bí páùṣì tó ń gba kọ̀ǹpútà lóṣù tó kọjá bá ṣàdéédéé há, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé tábìlì títẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì, bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má lu bátìrì náà, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bó bá ń rú èéfín, ẹ kó èèyàn jáde ná, èéfín náà kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ àti ti àgbà.

Bí iná rẹ̀ bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ da sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi àdí sí i, ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Lẹ́yìn omi, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn kan ń lo páùṣì bí ìrọ̀rí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lé e, pé kí ooru má bàa jó àwọn. Ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, fóòmù á dí i, ooru náà á sì pọ̀ sí i. Gbígbé e lé itan láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ náà kò dáa. Lọ́dún 2010, àwọn dókítà ní Switzerland kọ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan nínú ìwé ìròyìn Pediatrics. Ó máa ń gbé kọ̀ǹpútà lé itan ta géèmù fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó mọ̀ pé apá òsì ń gbóná, kò gbé e kúrò. Awọ itan òsì rẹ̀ yí àwọ̀ padà, ó rí bí àwọ̀n ẹja. Ẹ̀yin àgbà mọ àmì yìí, òun ló máa ń wà ní ojúgun àwọn ìyá wa tó ń jókòó ti ààrò lójoojúmọ́. Tábìlì ni kí ọmọ lò. Bí tábìlì kò bá sí, pátákó títẹ́jú tàbí tíréè tó le.

Omi àti fífọ̀

Kò sí páùṣì olóòótọ́ kan tí mo lè ní kó dá òjò oṣù kẹfà dúró. Omi á gba ojú síípù àti ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ọ̀rá tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi sínú àpò ọmọ nígbà òjò, kó fi wé páùṣì àti ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì tú u gbàrà tó bá délé. Páùṣì tó bá ti tutù, ẹ má ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ títí tí fóòmù inú rẹ̀ á fi gbẹ dénú. Àárín fóòmù ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Èyí tó ti ń rùn, tó ti hu èbu, ẹ má gbé e síbi tí ọmọ tó ní ikọ́ fée ń sùn.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a síbòji, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ kọ́kọ́ gbọn inú rẹ̀ dànù o. Iyanrìn kékeré tó bá wà nínú rẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ páńda lára kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún tẹ́lọ̀

Mo fẹ́ràn èyí ju ti ọjà lọ, nítorí ìwọ̀n yín gan-an lẹ ó rí. Ẹ gbé páálí àti okùn yín fún un. Ẹ sọ fún un pé ìwọ̀n kọ̀ǹpútà nìyí, kó fi ìnípọn fóòmù àti àyè ìránṣọ kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á há. Ẹ ní kó jẹ́ kí fóòmù yí ìsàlẹ̀ po láìjá, kí ojú abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó fi ègé fóòmù kékeré lé igun kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó máa kan kọ̀ǹpútà nínú, kó jẹ́ èyí tó rọ̀ tí kò ní bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá fẹ́ fi àpò kékeré kún un fún ṣájà, kó rán an mọ́ ìhà tí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà máa wà, kì í ṣe ìhà ojú rẹ̀, nítorí orí ṣájà le, ó sì lè tẹ ojú náà fọ́. Kí ó fi òwú àwọ̀ mìíràn sàmì sí ìhà ojú, kí ọmọ lè mọ èyí tó máa kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń ki páùṣì bọ àpò láàárọ̀.